Òkúta Dúdú Orí Àtẹ Ìyá Àìná

Ilé Fọlọ́runṣọ́,
Ọ̀nà Ìsẹ̀,
Ọ̀rùn-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀pẹ, 2005.

Olúwadára, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọ̀yàyà tọ̀yàyà ní orúkọ Jésù. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé o ń jẹun lásìkò, àti pé ọyẹ́ Ìbàdàn kò tíì la ètè rẹ bí tibí ti la tiwa. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sinmi oko. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, á ní kòkó ò mọ̀ pé orúnkún ń dun òun. Ewúrẹ́ dúdú wa ti bímọ. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n tún gbé fún mi ní ilé-ìwé lọ́dún yìí, àwọn ọmọ náà sì ti sọ mí di aláriwo ju bí o ṣe mọ̀ mí lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ Ìsẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo kà á, mo tún un kà, mo sì kà á fún bàbá rẹ. Inú wa dùn pé ohun tí o ń kọ sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Rédíò ni bàbá rẹ kọ́kọ́ rò pé ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ó dà bíi pátákó kan tí gbogbo ayé lè dúró níwájú rẹ̀ kà, pé ọmọ rẹ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ nípa fóònù síbẹ̀, pé àwọn èèyàn tí kò rí ojú rẹ̀ rí ń lọ ra fóònù torí pé òun ló ní ó dára. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìyá òun ló padà wá sáyé wá pàtẹ. Èmi ò lè rín ẹ̀rín yẹn, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé oníṣòwò fóònù yẹn ń fún ọ ní nǹkan lórí gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu rẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé Victor ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o má jẹ́ kí àwọn tó ń kà ọ́ mọ̀, torí bí wọ́n bá mọ̀, wọn á sá. O wá bi mí pé, "Màmá, ṣé irọ́ ni mo pa? Ṣebí mi ò purọ́ fún ẹnì kankan." Olúwadára! Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní tàn ọ́, ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ló jẹ́ kí n yára mú bírò, kí n má dúró di ìgbà tí o máa wálé Kérésì. Gbólóhùn tí o kọ yẹn, mo ti gbọ́ ọ rí. Abẹ́ òrùlé wa níbí ni mo ti gbọ́ ọ, láti ẹnu bàbá rẹ kékeré, Ládépọ̀. A kò sọ ohun tó tẹ̀lé e fún ọ rí, torí Ìyá àgbà ní kí a má fi dẹ́rù bà yín. Ó ti tó kí ẹ̀rù bà ọ́ wàyí.

O rántí àtẹ Ìyá àgbà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àìná, ní oríta, níbi tí ọ̀nà oko wa ti já sí ọ̀nà Ìsẹ̀, lábẹ́ igi àyùnrẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn tí ẹ jọ ń kàwé lè má mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí olójà nídìí rẹ̀. Ìyá á to iṣu àti ọsàn síbẹ̀ ní ìdájí, á fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan láti fi sọ iye rẹ̀, á sì gba oko lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á wo òkúta, á sọ owó sínú igbá, á gbé ẹrù rẹ̀, á máa lọ. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Ìyá tó yà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é láti ayé àwọn bàbá wa, olè kì í jà níbẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn náà ń pàtẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá nìkan ló ní òkúta dúdú. Òkúta kan ṣoṣo ni, ó ń dán, ó tóbi tó ẹyin adìẹ, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló sì ti bá a. Bí ọjà kan kì í bá ṣe tirẹ̀, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ní kó bá òun tà á kí òun fún un ní nǹkan níbẹ̀, Ìyá á gbé òkúta dúdú yìí lé e. Kì í gba ju ọjà ẹlòmíràn kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo Ọ̀rùn mọ ohun tí òkúta náà ń wí: èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo sì ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ la ojú yín dáadáa kí ẹ tó rà á. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ wà nídìí àtẹ, á tún fi ẹnu sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó máa ń fà bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó wà lókè odò: "Tèmi ń bẹ ńbẹ̀ o!"

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ ń lé oníbàárà yín." Ó ní, "Ìyàwó, ẹni mo bá sọ tèmi fún, á gba tèmi gbọ́." Òótọ́ ló sọ. Ọjà tí kò bá sí òkúta dúdú lórí rẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú dídì ni wọ́n fi ń gbé e. Fi èyí sọ́kàn, ọmọ mi, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu náà gbà wọlé.

Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé Èkìtì kúrò lára Òndó, tí ìwọ ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Àkúrẹ́, kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Ìgbà ọyẹ́ ni, bí ìsinsìnyí. Ládépọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ó pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnṣọlá tó ní kẹrosíìnì rẹpẹtẹ, ó sì kó kẹ́ẹ̀gì bíi mélòó kan wá sílé. Ó ní kí Ìyá bá òun gbé wọn sórí àtẹ, pé Ògúnṣọlá á fún àwọn méjèèjì ní nǹkan. Ládépọ̀ fẹ́ gbéyàwó nígbà náà, owó ló ń wá. Àbíkẹ́yìn Ìyá ni, o mọ̀ bí ìyá ti ń ṣe sí àbíkẹ́yìn. Ìyá gbé kẹ́ẹ̀gì síbẹ̀, ó gbé òkúta dúdú lé e. Àwọn èèyàn dé, wọ́n wo òkúta, wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n gbóòórùn, wọ́n mi orí, wọ́n kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ládépọ̀ wá bá Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń gbálẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó ní, "Yèyé mi, ẹ mú òkúta yẹn kúrò níbẹ̀ jọ̀ọ́. Ta ló bi yín? Ṣé irọ́ lẹ pa ni? Ẹ ò sáà purọ́ fún ẹnì kankan." Ìyá wo ọmọ rẹ̀ títí. Nígbà tó dìde, ó lọ sí oríta, ó mú òkúta dúdú kúrò lórí kẹ́ẹ̀gì, ó ká a mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Ó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ odò, ó jù ú sínú omi. Bóyá ó rò pé bí òun bá fi sílé, òun á gbé e padà síbẹ̀. Ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ni ó rò.

Kẹrosíìnì tà lọ́jọ́ náà, ó tà wàràwàrà. Àwọn tó ti ṣí ìdérí tí wọ́n mi orí, àwọn náà ló padà wá gbé e. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé Ìyá ti dán an wò, wọ́n ní bóyá òun fúnra rẹ̀ ló rà á. Ládépọ̀ ń súfèé kiri ilé. Èmi náà yọ̀ fún un, kí ni mo mọ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá lọ to ọjà, ó sì tètè padà dé. Mo bi í pé ṣé kò sí láburú. Ó na ọwọ́ sí mi. Òkúta dúdú ni. Ó ní orí kẹ́ẹ̀gì tó kù ni òun ti bá a, bí òun ṣe máa ń gbé e sí gan-an. Mo fọwọ́ kàn án, omi ń kán lára rẹ̀. Olúwadára, ọyẹ́ ń fẹ́ o! Ewé tó wà nílẹ̀ ń dún kàkà bí a bá tẹ̀ ẹ́, aṣọ tí mo sá kì í pẹ́ tó fi ń gbẹ, ṣùgbọ́n òkúta yẹn tutù bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ odò. A ní àwọn ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló hú u jáde. Ládépọ̀ gbà á lọ́wọ́ Ìyá, ó ní òun á sọ ọ́ síbi tí ọmọdé ò lè dé. Ó gun ọ̀kadà dé ẹ̀yìn Ìsẹ̀, ó jù ú sínú kòtò tí wọ́n ti ń wa yanrìn.

Ilẹ̀ mọ́, òkúta ti wà lórí kẹ́ẹ̀gì. Ó tutù, iyanrìn pupa kòtò yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ládépọ̀ kò súfèé mọ́. Ó gbé e jù sínú igbó, ó kó kẹ́ẹ̀gì tuntun wá, ojú rẹ̀ sì le, ó ní ẹni tó ń bá òun ṣe eré yìí, òun á mú un.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ojú mi kọ́, etí mi ni. Ọ̀sán gangan ni mo ń bọ̀ láti ilé-ìwé. O mọ bí oríta yẹn ti máa ń rí lọ́sàn-án, tí kò ní sí ẹyẹ tó ń ké, tí àwọn tó wà lóko á ti bọ́ sábẹ́ igi. Mo ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mi ò tíì rí àtẹ, ni mo gbọ́ Ìyá tó ń ké pé, "Tèmi ń bẹ ńbẹ̀ o!" Inú mi dùn, mo ní ara Ìyá le nìyẹn, ó ti padà sídìí àtẹ rẹ̀. Mo dáhùn pé, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá!" Mo yọ sí oríta, kò sí ẹnì kankan. Iṣu wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀, òkúta dúdú ti gùn ún. Mo wo ẹ̀yìn igi, mo wo inú koríko. Ohùn náà tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀gbẹ́ mi níbí ló ti sọ ọ́. Orí mi wú. Bàtà mi kan, ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí.

Mo sáré délé, mo bá Ìyá lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀, òun àti ìyàwó tó wà nílé kejì ni wọ́n jọ ń ṣẹ́ ẹ. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ní, "Ìyá, mo gbọ́ ohùn yín ní oríta." Èmi rò pé á kígbe, tàbí kó ní kí n lọ mu omi, kí n jókòó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì bi mí pé, "Kí ni mo wí?"

Láti ọjọ́ náà ni ohùn Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ ọ ní oríta ni èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ nílé ń dín kù. Ó kọ́kọ́ há, ó di wúyẹ́wúyẹ́, ó sì di pé ó ń ya ẹnu tí nǹkan kan ò jáde. A fún un ní omi gbígbóná àti oyin. Nọ́ọ̀sì wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní òun ò rí egbò kan níbẹ̀. Ìyá tó ń fi orin jí wa láàárọ̀! Ilé wá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Mo ń sunkún níkọ̀kọ̀ ní ilé ìdáná, torí mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí mo ti ń fi hàn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì ń tà. Àwọn èèyàn ò bá òkúta dúdú níbẹ̀ mọ́, torí bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni Ládépọ̀ ti ń sáré lọ gbé e kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn ò tíì wọ̀, Victoria tó ń gbé lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wọ ilé wa wá, ó pọn ọmọ ìkókó rẹ̀, inú ń bí i. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń fún yín ní àádùn. Kò tilẹ̀ kí mi. Ọ̀dọ̀ Ìyá ló kọjú sí tààrà, ó ní, "Ìyá Àìná, mo ra kẹrosíìnì lórí àtẹ yín lánàá, mi ò rí òkúta dúdú, mo gbé e. Láti oríta títí dé ẹnu ọ̀nà mi lẹ ń tẹ̀lé mi, tẹ́ ẹ ń ní tiyín ń bẹ ńbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, ẹ sá pamọ́. Mo wọlé, ẹ dúró lójú fèrèsé, ẹ tún ń sọ ọ́. Ọmọ mi ò sùn. Bí tiyín bá ń bẹ ńbẹ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé òkúta síbẹ̀? Mi ò tíì rọ ọ́ sínú sítóòfù, mi ò sì ní rọ ọ́ títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀." Ìyá ya ẹnu. Kò sí ohùn. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń mi orí, ó sì ń na ìka sí àyà ara rẹ̀. Victoria wò ó, ìbínú rẹ̀ wọlẹ̀, ẹ̀rù gba ipò rẹ̀. Ó yíjú sí mi pé, "Ta ló wá tẹ̀lé mi lánàá?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ọlọ́kadà kan fi gbé ìròyìn dé láti Èmùré. Àtùpà bú gbàmù ní ilé kan níbẹ̀, ilé náà jó, ìyá àti ọmọ wà ní ọsibítù. Wọ́n ní wọ́n ti da bẹntiróòlù mọ́ kẹrosíìnì náà, àti pé ọwọ́ Ògúnṣọlá ará Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti rà á. Ládépọ̀ wà lórí ìjókòó. Ó ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣá lẹ́sẹ̀, ó ń lu ilẹ̀, ó ní òun ò mọ̀, òun ò mọ̀. Mo gbà á gbọ́. Òun kò mọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wádìí, àwọn tó rà á náà kò sì wádìí, torí kò sí òkúta dúdú.

Ìyá dìde. Ó gbọn ọwọ́ mi nù, ó rìn lọ sí oríta, mo ń sáré tẹ̀lé e. Òkúta wà lórí àtẹ tó ń dúró dè é. Ó gbé e, ó sì kọrí sí ìlú. Ilé àkọ́kọ́ tí a yà, mo ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá ní..." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó le gan-an, eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi ní ètè. Ó wọlé, ó wá kẹ́ẹ̀gì wọn rí, ó gbé òkúta dúdú lé e níṣojú baálé ilé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Àgbàlagbà bí Ìyá, tó kúnlẹ̀ fún ọmọ ìlú! Kò sí ẹni tí kò yé. Baálé ilé náà gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ dà á sẹ́yìn ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ti ilé dé ilé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sí ilé kan tí wọ́n ti tan kẹrosíìnì náà. Ọ̀kan ní òwú àtùpà òun ń kú ṣáá. Ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí òun bá ṣá ìṣáná ni ẹnì kan ń fẹ́ ẹ pa, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nínú yàrá. Bàbá arúgbó kan ní òun ti gbé àtùpà, ohùn Ìyá Àìná sì pe òun láti ìta, òun jáde, òun ò rí i, òun sì gbàgbé àtùpà. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oko.

Ilé Victoria la parí sí. Ìyá gbé òkúta lé kẹ́ẹ̀gì, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí àyà. Victoria ní, "Rárá o, Ìyá. Èmi fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín." Mo bínú sí i nígbà náà, mo ní kí ló dé tí kò ní àánú. Ìyá ya ẹnu, iṣan ọrùn rẹ̀ le, òógùn bò ó. Ó pẹ́ títí. Ni ohùn bá jáde, ó kọ́kọ́ rọra jáde bí ìyàngbò, ó sì wá là: "Tèmi ń bẹ ńbẹ̀ o. Mo jẹ ńbẹ̀. Mo gbé òkúta kúrò kẹ́ ẹ má baà mọ̀." Ó bú sẹ́kún, Victoria náà bú sẹ́kún, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn kankan ní oríta mọ́, àyàfi bí Ìyá fúnra rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Mi ò ní tàn ọ́ pé gbogbo nǹkan padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan. Àwọn èèyàn ń kọjá lára àtẹ náà bí ẹni pé wọn ò rí i, iṣu jẹrà níbẹ̀. Ìyá ń to ọjà láràárọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Victoria ló kọ́kọ́ padà wá ra ọsàn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ẹni tó bá lè wọ ilé òun wá kúnlẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, òun lè fi ojú dídì ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láyé. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ládépọ̀ kò lè wo ojú ìlú, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi kó lọ sí Òmùò lọ dá oko. Gbogbo ìgbà tó bá wálé ló ń yà sí ilé ẹni tó jó ní Èmùré, ó sì ti bá wọn kọ́ ilé náà. Nígbà tí Ìyá kú, bàbá rẹ fi òkúta dúdú náà sí i lọ́wọ́ nínú pósí. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i tí wọ́n kan pósí pa, mo sì rí i tí erùpẹ̀ bò ó.

Olúwadára, o ò purọ́. Mo gbà. Ìyá àgbà náà kò purọ́. Òkúta tí kò sí níbẹ̀ ló pa irọ́ náà. Àwọn tó ń kà ọ́ kò rí ojú rẹ, wọn ò sì lè ṣí ìdérí gbóòórùn ohun tí o gbé sórí àtẹ, ìwọ ni imú wọn. Máa gba ohun tí oníṣòwò yẹn ń fún ọ bó bá jẹ́ pé fóònù náà dára, iṣẹ́ ni, mi ò ní kí o má jẹun. Ṣùgbọ́n gbé òkúta dúdú rẹ síbẹ̀. Sókè ni kí o kọ ọ́ sí, kí ẹni tó bá ń wọlé kọ́kọ́ rí i, má fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà kọ ọ́ sísàlẹ̀ bí àwọn tó fẹ́ dọ́gbọ́n fi í pamọ́. Kọ ọ́ pé o ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sá, kó sá. Ẹni tó bá dúró, tìrẹ ni títí ayé. Sọ fún Victor pé mo kí i, kí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Kí Ọlọ́run tó ṣọ́ ilé àwọn ará Ọ̀rùn lọ́jọ́ yẹn ṣọ́ ọ ní ìdálẹ̀. Orúkọ rere tí a fún ọ kò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí o bá fi ẹnu sọ, àwọn èèyàn á gbà á. Ìwọ náà á sì dàgbà, wàá rí ọmọ tó máa gbọ́ tìrẹ. Bàbá rẹ ní kí n sọ pé òun kí ọ, àti pé kí o ra oògùn orúnkún bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ń bá ọ wí torí bẹ́ẹ̀,
Bọ́lánlé Fọlọ́runṣọ́.

Mo tún rántí: Mo ti parí lẹ́tà yìí, mo sì ti pinnu pé mi ò ní sọ èyí, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e mì. Lọ́jọ́ Ajé, kí lẹ́tà rẹ tó dé rárá, mo jí, mo bá òkúta dúdú kan lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó ń dán. Omi ń kán lára rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wá ṣe títí di Ọjọ́bọ̀ tí mo ka ìwé rẹ. Lọ́sàn-án òní, bí mo ṣe ń lẹ àpò lẹ́tà, ẹnì kan ké lẹ́yìnkùlé pé, "Tèmi ń bẹ ńbẹ̀ o!" Mo rò pé Ìyá ni. Kì í ṣe Ìyá, ọmọ mi. Ohùn rẹ ni. Mo gun ọ̀kadà dé Ìsẹ̀ níbi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, mo pe nọ́mbà rẹ, Victor ló gbé e. Ó ní ara rẹ yá, ó kàn jẹ́ pé ohùn rẹ ti há láti òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé láti àárọ̀ òní o ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àti pé oògùn ikọ́ lo lọ rà. Olúwadára, da oògùn yẹn nù. Lọ kọ ọ́ síbẹ̀.